Bí Ìwé Imam al-Ghazali Ṣe Ń Fi Ènìyàn Han Ara Rẹ̀

Ìtàn kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa Imam al-Ghazali nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Jurjan, ó kọ gbogbo ohun tó gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ìwé náà sínú ẹrù, ó ń bọ̀ wálé. Àwọn olè dá a lọ́nà, wọ́n gba gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n máa mú ìyókù lọ, kí wọ́n ṣáà dá ìwé òun padà, nítorí ìmọ̀ òun ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá olè bú sẹ́rìn-ín. Ó bi í pé irú ìmọ̀ wo lonítọ̀hún ní, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gba àpò lọ́rùn rẹ̀, ó di aláìmọ̀kan. Wọ́n dá ìwé náà padà fún un. Nígbà tó dé Tus, ìlú rẹ̀, ọdún mẹ́ta gbáko ló fi há gbogbo rẹ̀ sórí.

Mo fẹ́ràn ìtàn yìí torí pé olè ló ṣe alùfáà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún olè kò tíì pé. Ìmọ̀ tó kúrò nínú àpò tó bọ́ sínú orí ṣì lè má tíì dé ibi tó ń lọ. Ó pẹ́ kí al-Ghazali tó mọ ìyẹn, ohun tó sì kojú rẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n kì í ṣe kékeré.

Ọdún 1058 ni wọ́n bí i, ní Khurasan, ní apá ibi tí à ń pè ní Ìráànì lónìí. Ní 1091, Nizam al-Mulk, olórí àwọn ìjòyè sultan àwọn Seljuk, fi í ṣe olùkọ́ àgbà ní Nizamiyya, ilé ẹ̀kọ́ ńlá ìlú Baghdad. Kò tíì pé ọmọ ọdún 35. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé 300 akẹ́kọ̀ọ́ ló ń jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ òun. Owó wà, iyì wà, àwọn ọba ń fetí sí i. Nígbà tó di 1095, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí òun fi ń kọ́ni, ìdáhùn tó rí nínú ọkàn rẹ̀ kò sì dùn mọ́ ọn: òkìkí ni. Bí oṣù mẹ́fà ló fi ń ṣiyèméjì, bó bá pinnu láàárọ̀ pé òun yóò fi ipò náà sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á yí padà ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ, ó ya ẹnu, ọ̀rọ̀ kò jáde. Oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Àwọn oníṣègùn ní ọkàn ni àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò ní oògùn rẹ̀. Ó pín ohun ìní rẹ̀, ó yọ ìwọ̀n tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa jẹ sílẹ̀, ó sọ fún ará Baghdad pé Mẹ́kà lòun ń lọ, ó sì gba ọ̀nà Síríà lọ. Ó gbé ní Damascus, ó máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ inú ilé gogoro mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀. Ó dé Jerúsálẹ́mù, lẹ́yìn náà ló wá ṣe Háájì.

Láàárín àwọn ọdún ìrìn-àjò àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọ̀nyí ló kọ Ihya Ulum al-Din. Ogójì ìwé ló wà nínú rẹ̀, ó sì pín wọn sí ìdá mẹ́rin, mẹ́wàá-mẹ́wàá: ìjọsìn; ìgbé-ayé ojoojúmọ́ bí oúnjẹ, ìgbéyàwó àti òwò; àwọn ìwà tó ń pa ènìyàn run; àti àwọn èyí tó ń gbà á là. Ẹni tó ń wá ara rẹ̀, ìdá kẹta ni kó kọ́kọ́ ṣí. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí òkìkí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ti jókòó kọ̀wé nípa òkìkí.

Ohun àkọ́kọ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń sọ àwọn ohun tó wà nínú wa lórúkọ. Ẹ wo ṣekárími, ọ̀rọ̀ tí èdè wa ti ní tipẹ́tipẹ́. Gbogbo wa rò pé a mọ̀ ọ́n. Al-Ghazali pín in sí ọ̀nà márùn-ún. Èyí tó ń gba ara: kí ètè gbẹ, kí ojú wọnú, kí wọ́n lè mọ̀ pé ààwẹ̀ ni. Èyí tó ń gba aṣọ àti ìrísí, tó fi mọ́ àmì ìforíkanlẹ̀ tí ènìyàn ń tọ́jú síwájú orí. Èyí tó ń gba ẹnu: kí ètè máa mì lójú àwùjọ bí ẹni ń ṣe sìkírì. Èyí tó ń gba iṣẹ́, bíi kí ìforíkanlẹ̀ gùn nígbà tí àlejò wọ mọ́ṣáláṣí. Àti èyí tó ń gba ojúlùmọ̀: kí wọ́n lè sọ pé alùfáà ńlá báyìí kì í ṣàì yà nílé lágbájá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín ló ń pa mí. Àwọn tí mo mọ̀ ni mo ń rí lójú ewé kọ̀ọ̀kan; mo tilẹ̀ fẹ́ ya ojú ewé kan lóòótọ́ kí n fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Nígbà tó yá, ó kan èyí tó farapamọ́. Ó ní ẹnì kan wà tó ń fi iṣẹ́ rere rẹ̀ pamọ́ pátápátá, kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni rí i. Síbẹ̀, bó bá dé àwùjọ, ó ń retí pé kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ kí òun, kí wọ́n sún fún òun, kí ọlọ́jà dín owó kù fún òun. Bí wọn kò bá ṣe é, ó ń dùn ún, bí ẹni pé ìjọsìn tó fi pamọ́ yẹn ti di gbèsè tí aráyé jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé. Ìsọmọlórúkọ kan ni mo rántí, tí wọ́n fi mí sẹ́yìn lórí àga ike, tí n kò sì jẹ àmàlà wọn nítorí rẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi nígbà náà pé inú ń run mí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ wo aládùúgbò yín kí ẹ rẹ́rìn-ín, nítorí ènìyàn kì í tètè ka ohun tó ń tú u fó. Ìgbà tí ara bá ti rọ̀ yín tán ni dígí náà á yí padà.

Bákan náà ló ya ìgbéraga sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọra-ẹni-lójú, ohun tí èmi kì bá ti rò pé ó tó ìyàtọ̀. Agbéraga nílò ẹlòmíràn tí yóò máa fojú tín-ín-rín. Ẹni tó jọ ara rẹ̀ lójú kò nílò ẹnì kankan. Bí ó bá ku òun nìkan láyé, ara rẹ̀ á ṣì máa wù ú. Ẹni tó bá ń bá àìsàn kejì fínra kò ní rí ara rẹ̀ nínú ìwàásù nípa àkọ́kọ́, yóò sì máa lọ sílé tayọ̀tayọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Òǹkọ̀wé yìí kò tilẹ̀ gbà pé ìwé nìkan tó. Ó ka ọ̀nà mẹ́rin tí ènìyàn fi lè mọ àléébù ara rẹ̀. Olùkọ́ tí ojú rẹ̀ là ni èkíní. Ọ̀rẹ́ olóòótọ́ ni èkejì, ó sì fi khalífà Umar ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó ń bi Salman, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà, léèrè pé kí ló gbọ́ nípa òun tí kò dára. Salman kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí Umar kò jẹ́ kó sinmi, ó ní òun gbọ́ pé ó ń kó ọbẹ̀ méjì pọ̀ nídìí oúnjẹ kan, ó sì ní aṣọ méjì, ọ̀kan fún ọ̀sán, ọ̀kan fún òru. (Èwo nínú àwọn olórí wa ni wọ́n ń fi aṣọ méjì bú lónìí?) Ẹnu ọ̀tá ni ẹ̀kẹta: ọ̀tá kì í gbójú fo àléébù, ó sì ṣeé ṣe kó wúlò ju ọ̀rẹ́ tó ń yinni lọ. Ẹ̀kẹrin ni wíwo àwọn ènìyàn: ohunkóhun tí a bá rí lára ẹlòmíràn tí kò tẹ́ wa lọ́rùn, ká wá a lára tiwa. Al-Ghazali ráhùn pé olùkọ́ àti ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n nígbà tòun, ọ̀rúndún kọkànlá sì ni ìyẹn.

Bí ènìyàn bá ti rí àléébù náà, ìṣirò ló kù, ibí sì ni ẹni tó bá ti jókòó ní ìsọ̀ rí yóò ti gbádùn rẹ̀ jù. Ó ní kí ènìyàn mú ọkàn ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ dá òwò. Ọjọ́ ayé ni ojú owó. Láàárọ̀, ẹ bá a ṣe àdéhùn: ohun tí ojú, etí, ahọ́n àti ọwọ́ yóò ṣe lónìí. Lójú ọjọ́, ẹ máa ṣọ́ ọ, nítorí kò sẹ́ni tó ń kó owó fún alábàáṣe kó sì lọ sùn sílé. Lálẹ́, ẹ jókòó ti ìwé, ẹ wo èrè, ẹ wo àdánù. Bó bá jẹ owó, ẹ fi nǹkan tó nira díẹ̀ jẹ ẹ́ níyà. Ẹ mú un ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́. Ẹ bá a wí. Ìpele mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó kórìíra alábàáṣe náà tàbí kó tú òwò ká. Ibi tí a óò gbé e lọ kò sí, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà níbẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé bí wọ́n ṣe bí ènìyàn ni yóò ṣe rí. Al-Ghazali kò gbà. Ó ní kóró dàbínù kì í ṣe igi dàbínù, kò sì lè di igi èso mìíràn láéláé, àmọ́ bí wọ́n bá gbìn ín tí wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó lè di igi dàbínù. Ìbínú kò ní tán lára ènìyàn. A lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá ọdẹ. Oògùn tó sì máa ń júwe ni òdìkejì àìsàn: kí ahun máa fi ipá fúnni títí tí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ìwé tó kẹ́yìn ní ìdá kẹta yẹn dá lórí ẹ̀tàn, ìyẹn kí ènìyàn máa tan ara rẹ̀ jẹ. Ìwé yìí ni mo máa ń gbà níyànjú fún ẹni tó bá ti ń ka ìwé ẹ̀sìn fún ọdún púpọ̀, nítorí àwọn tó kó síbẹ̀ ni àwọn onímọ̀, àwọn olùjọsìn, àwọn Súfí àti àwọn olówó. Olówó kọ́ mọ́ṣáláṣí, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Bí wọ́n bá ní kó ná owó kan ṣoṣo síbẹ̀ láìkọ orúkọ, kò ní lè ṣe é. Òmíràn ń lọ sí Háájì léraléra, ebi sì ń pa aládùúgbò rẹ̀. Ó lé ní 900 ọdún tí wọ́n ti kọ èyí, àfi bí ẹni pé àdúgbò wa ni ọkùnrin náà gbé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ló fìyà jẹ jù, àwọn tó mọ orúkọ gbogbo àìsàn ọkàn tí wọ́n sì rò pé ẹni tó mọ orúkọ àìsàn ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ló ń bá wí.

Ibẹ̀ ni ààlà ìwé kíkà wà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Nínú al-Munqidh, ìwé kékeré tó fi sọ ìtàn ìrìn-àjò ọkàn rẹ̀, ó ní ó rọ òun lọ́rùn láti ka ìwé àwọn Súfí ju kí òun ṣe é lọ. Ó ka Abu Talib al-Makki, ó ka al-Muhasibi, ó ka ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu Junayd. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó rí i pé ìyókù kò sí nínú ìwé, àfi kí ènìyàn tọ́ ọ wò. Oníṣègùn tí ara rẹ̀ kò yá mọ ohun tí à ń pè ní ìlera, ó mọ okùnfà rẹ̀ àti oògùn rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò yá.

Bí wọ́n ṣe ń ka Ihya nílé kéwú lọ́dọ̀ wa bá èyí mu ju bí àwa oníwèé ti ń kà á lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka gbólóhùn Lárúbáwá kan, alùfáà á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, á dúró, á wo ojú ọmọ, á tún fi àpẹẹrẹ ọjà tàbí ti ilé olórogún sí i. Ìwé kan lè gba ọdún. Èmi kà á lórí ibùsùn, ogún ojú ewé lálẹ́ kan, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní láti tún un kà. Ẹni tí Ihya bá ga jù fún lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kúkúrú tí al-Ghazali kọ sí ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan, Ayyuha al-Walad, tí kò gùn rárá. Kí a má sì gba gbogbo rẹ̀ ní gbogbo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ bíi Ibn al-Jawzi bá a wí pé hádíìsì tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ pọ̀ nínú Ihya, Zayn al-Din al-Iraqi sì ṣiṣẹ́ lórí àwọn hádíìsì náà lọ́kọ̀ọ̀kan láti tọ́ka orísun wọn. Ní Cordoba, ní 1109, ńṣe ni wọ́n tilẹ̀ sun ìwé náà níná, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láyé.

Ní 1106, wọ́n tún pè é sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ní Nishapur lọ́tẹ̀ yìí, ó sì lọ. Ó kọ ọ́ sínú al-Munqidh pé lóòótọ́ òun padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí òun ti kúrò ni òun padà sí: ìmọ̀ tí wọ́n fi ń wá ipò ni òun ń kọ́ni tẹ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fi ipò sílẹ̀ ni òun ń kọ́ni báyìí. Ó ní èrò òun nìyẹn, òun kò sì mọ̀ bóyá òun yóò débẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ló kú sí Tus.