Ọmọ Tí Ó Ń Tún Ọ̀rọ̀ Sọ

Ní ọdún 1943, Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ṣe àpèjúwe ọmọ 11 tí wọ́n ní ohun tí a ń pè ní ọ́tísíìmù. Àwọn kan nínú wọn lè ka àkọ́sórí gígùn, síbẹ̀ ìtàkúrọ̀sọ ṣòro fún wọn. Bí a bá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, ‘Ṣé o fẹ́ mu omi?’, ó lè fèsì pé, ‘Ṣé o fẹ́ mu omi?’ Olùkọ́ tí kò mọ̀dí rẹ̀ a máa pè é ní àfojúdi.

Ní 1967, Beate Hermelin àti Neil O'Connor ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ka gbólóhùn tí ó nítumọ̀ àti ọ̀rọ̀ tí a kàn tò wúruwùru sí àwọn ọmọ létí. Gbólóhùn ni àwọn ọmọ yòókù rántí jù lọ dáadáa, nítorí ìtumọ̀ ni okùn tí wọ́n fi di ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìtumọ̀ ran àwọn ọlọ́tísíìmù náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ náà kéré. Èyí kò wí pé òye kò sí. Ní 1981, Barry Prizant àti Judith Duchan fi hàn pé àtúnsọ lè ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe: nígbà mìíràn, ‘Ṣé o fẹ́ mu omi?’ tí ọmọ náà wí, ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ló ń jẹ́.