Èéfín Ọkọ̀ Yín Ń Sọ Àìsàn Tó Ń Ṣe É

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í ṣe àjèjì lójú ọ̀nà Àgbádárìgì sí Sẹ̀mẹ̀. Kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, láti Kútọnu ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wọlé. Àwọn tó ti gbó nínú wọn ṣì ń gbé ọmọ wa lọ sílé ìwé.

Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, tí wọ́n ní èéfín rẹ̀ ti burú jù, ẹ má tíì sáré ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Nílé ìwòsàn, a kì í fún aláìsàn lóògùn ká tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ tan ọkọ̀ náà níta gbangba, kí ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà.

Bí èéfín bá dúdú, epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Fíltà afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, eruku tètè máa ń dí i, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Bó bá rí bí aró, ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Ó lè jẹ́ pé ríìngì ti jẹ. Ẹni tó ń bu ọ́ìlì kún un lemọ́lemọ́ yóò mọ̀.

Bó bá funfun díẹ̀ láàárọ̀, tó sì parẹ́, ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n bí kò bá parẹ́, tí omi rédíétọ̀ ń dín kù, ó ṣeé ṣe kí gáskẹ́ẹ̀tì ti jó.

Ìgbà mìíràn, ẹ kò ní í rí èéfín kankan, síbẹ̀ ọkọ̀ yóò kùnà. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wo púlọ́ọ̀gì, kó sì wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá wọ́n ti yọ katalísìtì tó ń fọ èéfín mọ́. Àwọn kan máa ń yọ ọ́ tà.

Èyí ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù, nítorí pé carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ tí ara nílò. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló máa ń fà, àwọn ènìyàn a sì rò pé ibà ni. Bí orí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ bá ń fọ́ pọ̀, tó sì ń fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ibà: sàlẹ́ńsà lè ti lu. Aláboyún, ọmọdé àti àgbà tó ní àrùn ọkàn ló tètè máa ń ṣe léṣe.

Nítorí náà, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì tí ẹ tì pa. Bí ó bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e síta síbi afẹ́fẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí.