Gbèsè Tí Èbúté Lomé Jẹ Datcha

Bí àwọn aláṣẹ Tógò bá fẹ́ fi èbúté Lomé yangàn, kọ̀ńténà ni wọ́n máa ń kà. Ní 2017, kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 tó gba ibẹ̀ kọjá lé ní mílíọ̀nù kan, Lomé sì gba ipò iwájú lọ́wọ́ Èkó. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti kọjá mílíọ̀nù méjì. Mi ò bá wọn jiyàn lórí iye. Òṣùwọ̀n náà gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Fún ìlú tí kò sí létí òkun, bíi Datcha tó wà lójú títì N1 nítòsí Atakpamé, iṣẹ́ tí ẹrù bá dá sílẹ̀ lójú ọ̀nà kó tó wọ ọkọ̀ òkun ni èrè èbúté. Tí a bá fi èyí wọ̀n ọ́n, Lomé ṣì jẹ àwọn ará òkè ní gbèsè.

Ẹ wo bí iye ọ̀hún ṣe ń ga. Omi èbúté Lomé jìn tó mítà 16, àwọn ọkọ̀ ńláńlá láti Ṣáínà sì lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kírénì a gbé kọ̀ńténà sílẹ̀. Tó bá ṣe díẹ̀, kírénì a tún gbé e sínú ọkọ̀ kékeré tó ń lọ sí Èkó, Cotonou tàbí ibòmíràn. Iṣẹ́ báyìí ló jẹ Lomé Container Terminal lógún jù, èyí tó ṣí ní 2014. Wọ́n á ka kọ̀ńténà náà nígbà tó bọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún kà á nígbà tó gòkè padà, bẹ́ẹ̀ kò sì sí tírélà kankan tó gbé e jáde ní géètì. Àwọn tó ni kírénì ń rówó, ìjọba ń rí tirẹ̀, òṣìṣẹ́ èbúté ń gbowó oṣù. Datcha kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Kí ẹrù máa gba Lomé kọjá láìdá iṣẹ́ sílẹ̀ lókè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1901, àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Tógò nígbà náà kó àwọn aláwọ̀ dúdú láti Tuskegee ní Amẹ́ríkà wá sí Tove láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀gbìn òwú. Ní 1904, wọ́n ṣí afárá irin tó wọ inú òkun lọ ní Lomé. Ṣáájú ogun àgbáyé kìíní, rélùwéè ti dé Atakpamé. Ohun tí òwú ń gùn nìyẹn, tútù ló sì ń lọ, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń ran án. Èbúté òde òní tó ṣí ní 1968, owó Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ aṣọ Datcha ló fẹ́ yí ọ̀nà yìí padà: kí wọ́n ran òwú Tógò, kí wọ́n hun ún, kí wọ́n pa á láró nílé. Ṣùgbọ́n aṣọ olówó pọ́ọ́kú gba èbúté yìí kan náà wọlé, ilé iṣẹ́ náà sì dákẹ́.

Ẹnìkan lè sọ pé kí n má di ẹ̀bi ru èbúté, pé ẹ̀rọ tó gbó, iná mànàmáná tó wọ́n àti ìṣàkóso tí kò dáa ló pa irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna náà kógbá sílé, kò sì sí òkun ní Kaduna. Àmọ́ ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ọjà wọn dojú kọ aṣọ tó wá láti òkèèrè. Àwọn Nana Benz pàápàá, àwọn obìnrin Lomé tí àǹkárá Hollandais sọ di olówó, kò bọ́ nínú rẹ̀: nígbà tí owó CFA já ní 1994, tí àdàmọ̀dì Ṣáínà sì kún ọjà, iye wọn dín kù.

Àwọn mìíràn á ní owó bodè àti ẹrù tó ń kọjá lọ sí Burkina Faso, Mali àti Niger ló ń bọ́ ìjọba, ojú títì tí Datcha ń jẹ nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó ọ̀hún kò dúró sójú kan. Ìjà Côte d'Ivoire ní 2002 ló lé ẹrù púpọ̀ láti Abidjan wá sí Lomé; bí bodè Benin àti Niger ṣe tì ní 2023 ló tún darí tírélà láti Cotonou wá síbẹ̀. Ohun tí ìjà aládùúgbò gbé wá, ìlàjà wọn lè gbé e lọ.

Ọgbà ilé iṣẹ́ Adétikopé, tí wọ́n ṣí ní 2021 lápá òkè Lomé, jẹ́ ìgbésẹ̀ tó dára, torí òwú wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ máa sọ di aṣọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtòsí òkun ló wà, òwú fúnra rẹ̀ sì ti dín kù: ó lé ní 130,000 tọ́ọ̀nù ní sáà 2018–2019, kò tó 70,000 lẹ́yìn ọdún méjì. Wọ́n á ní Datcha jìn jù fún irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe jíjìn ni ìṣòro. Ẹrù tó ń gòkè láti Lomé pọ̀ ju èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ tírélà ọmọ Tógò ló ń bọ̀ lófìfo, awakọ̀ á sì gba owó díẹ̀ dípò kó má gbé nǹkan kan. Aṣọ Datcha lè dé etí òkun ní owó pọ́ọ́kú; iná mànàmáná tí kò ní máa ṣẹ́jú àti owó bodè tó tọ́ lórí aṣọ òkèèrè ni kò tíì sí.