Ìwé Ìbí Màmá Mi

London ni wọ́n ti bí màmá mi lọ́dún 1968, nígbà tí bàbá àgbà ń kàwé níbẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbé wọn wá sí Ìbàdàn. Láti ìgbà náà ni ìwé ìbí wọn ti wà nísàlẹ̀ àpótí.

Òfin nìyí: ẹni tí wọ́n bí sí UK kí ọdún 1983 tó wọlé, ọmọ ìlú ibẹ̀ ni, àfi bí òbí rẹ̀ bá jẹ́ aṣojú ìjọba ilẹ̀ òkèèrè. Ìbàdàn ni wọ́n bí èmi sí lọ́dún 1991, síbẹ̀ mo jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ mi ló dúró sí. Ìbàdàn ni mo bí ọmọbìnrin mi sí. Kò lè jogún rẹ̀ tààrà. Ọ̀nà kan tó wà fún un ni físà Ancestry: ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth tó ti pé ọdún 17, tí wọ́n bí òbí rẹ̀ àgbà sí UK, lè fi lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 5, ó lè béèrè láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ.

Ọmọ ọdún 4 ni ọmọ mi. Mo ti gba ìwé ìrìnnà tèmi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ìwé ìbí yẹn sọnù. Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè lálẹ́ òní.