Ìwọ̀lú, Ìgbélùú àti Ìjọ́mọ Onílùú

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ jẹ́ kí á mú ẹni tí ó wọkọ̀ ní Ìkirè, tí ó forí lé Accra, ṣe àpẹẹrẹ. Àṣẹ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn: ti ìwọ̀lú, ti ìgbélùú, àti ti ìjọ́mọ onílùú. Ọ̀kan kò lè dípò èkejì.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ ní Gánà pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, lu ọjà wọn ní gbàǹjo. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Twi yékéyéké pàápàá kò yọ.

Lónìí, nípa àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà tí ó ní ìwé ìrìnnà lè wọ Gánà láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́. Ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rò pé bí a bá ti la ibodè kọjá, ó parí. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, dandan ni àṣẹ ìgbélùú.

Ọmọ tí a bí sí Accra ńkọ́? Òfin Gánà ti ọdún 1992 ń bèèrè bóyá òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gánà. Ilẹ̀ tí a bí i sí nìkan kò tó. Olùkọ́ tí ó bá sì fẹ́ kọ́ni níbẹ̀ yóò tún gba àṣẹ iṣẹ́ lọ́tọ̀.