Ààlè Ara Ọkọ̀: Gígé Iná Bátìrì Láti Òkèèrè

Ẹni tí ó bá ti rin ọ̀nà oko ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn yóò mọ ohun tí à ń pè ní ààlè. Àgbẹ̀ ṣẹ́ igi ìdáná, ó dì í, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkarahun ìgbín tàbí ṣùkù àgbàdo tí ó so mọ́ ìdì igi náà ni ó ń bá a ṣọ́ ọ. Ó lè wà nílé kí ó máa jẹun, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹrù náà, nítorí pé ẹni tí ó bá rí ààlè mọ̀ pé igi yìí ní ẹni tí ó ni ín, ó sì ń bẹ̀rù ohun tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ẹ̀rù ni agbára ààlè. Bí ẹ̀rù bá ti kúrò lọ́kàn ẹni tí ń kọjá lọ, ìkarahun ìgbín lásán ni ó kù.

Ní ẹsẹ̀ òkè Adó-Àwáyè, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, irú ọ̀ràn yìí a máa wáyé ní ọ̀nà titun. Àlejò a fi ọkọ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀, a sì gun àtẹ̀gùn tí ó ju 300 lọ kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí Ìyàké, adágún omi tí ó wà lórí àpáta. Kì í tètè sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì lè tó ọkọ̀ náà ní gbogbo ìgbà tí ó wà lókè. Kì í ṣe pé àwọn ará ìlú kò ṣeé fi ọkàn tán. Ṣùgbọ́n olè tí ó ní táyà lẹ́sẹ̀ lè ti ọ̀nà jíjìn wá. Ọkọ̀ náà sì ń fẹ́ ààlè tí kò gbára lé ẹ̀rù, èyí tí yóò di ọkọ̀ mú bí olè kò tilẹ̀ bẹ̀rù ohunkóhun.

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rí ni láti gé iná bátìrì láti òkèèrè. Kí ó lè yé ni ìdí tí ó fi jẹ́ bátìrì, ó yẹ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, irin ni à ń fi ọwọ́ yí níwájú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó jí, irin náà a sì máa ta padà nígbà mìíràn kí ó ṣẹ́ ènìyàn lọ́wọ́. Ní ọdún 1912 ni ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ tí ó ní sítátà tí ń lo iná, èyí tí Charles Kettering ṣe. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ṣì ń gbé irin wọn kiri pẹ́ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni jíjí ẹ́ńjìnnì ti di ọ̀ràn bátìrì. Bátìrì ọkọ̀ kékeré a máa ní yàrá mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa mú fólítì 2 àti díẹ̀ wá, àpapọ̀ wọn ni à ń pè ní fólítì 12. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà lè fa ampere 100 tàbí 200 lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ibòmíràn nínú ọkọ̀ tí ó ti lè rí iná tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ èyí dáadáa. Ẹlòmíràn a máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́, a tú orí bátìrì, a sì wọlé lọ sùn. Ohun tí ẹ̀rọ titun ń ṣe kò yàtọ̀, àfi pé kò sí ẹni tí ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. A fi ṣíṣí-àti-pípa kan tí ó lágbára sí ojú wáyà tí ó ti orí òdì bátìrì lọ sí ara irin ọkọ̀. Nígbà tí àṣẹ bá dé, òòfà kékeré inú rẹ̀ a fa ahọ́n irin kúrò ní àyè rẹ̀, ọ̀nà iná a sì já. Èyí tí ó dára jù nínú wọn kì í jẹ iná mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti yí padà. Ó dúró síbi tí a fi í sí títí àṣẹ mìíràn yóò fi dé. Ibí yìí ni àwọn kan ti ń ṣe àṣìṣe ńlá. Rìléè kékeré tí àwọn rìwáyà ń lò fún hóònù àti iná iwájú kò ju ti ampere 30 tàbí 40 lọ. Ẹni tí ó bá fi í sí ojú wáyà ńlá bátìrì ń wá iná sínú ọkọ̀ rẹ̀ ni. Ibi tí ó yẹ irú rìléè bẹ́ẹ̀ ni wáyà tín-ín-rín tí ń pàṣẹ fún sítátà, tàbí èyí tí ń gbé iná lọ sí pọ́ọ̀mpù epo. Owó tí ó ń náni kéré, èrè rẹ̀ kò sì kéré.

Àṣẹ náà ńkọ́, báwo ni ó ṣe ń dé? Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni rìmóòtù tí à ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́, tí ìgbì rédíò rẹ̀ kì í sábà kọjá ìwọ̀nba mítà. Ẹni tí ó wà létí Ìyàké lè tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ yóò fi bó. Èkejì ni ti fóònù alágbèéká, tí ó wọ Nàìjíríà lọ́nà tí ó gbilẹ̀ ní ọdún 2001: síìmù káàdì wà nínú ẹ̀rọ ara ọkọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan a sì gé iná ọkọ̀ tí ó wà ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n òkè àti àpáta a máa dí ìgbì lọ́wọ́, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí kò sì gbọ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà ẹni tí ó gbọ́n a máa gé iná kí ó tó fi ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí ọkọ̀ kò sí mọ́ nísàlẹ̀ ti pẹ́.

Ìdí tí ó fi pẹ́ kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, bátìrì kọ́ ni ó ń bọ́ ọ mọ́, bí kò ṣe ẹ̀rọ alternator tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí. Ọkọ̀ tí a gé bátìrì rẹ̀ lójú ìrìn lè máa lọ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Èyí tí ó burú ni pé fólítì lè fò sókè lójijì, kí ó kọjá 40 fún ìṣẹ́jú bíńtín, kí ó sì ba kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ jẹ́. Olówó ọkọ̀ ni yóò sì ra òmíràn. Ní ti ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Ògùn, ooru ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ ni ó ń tan epo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wo ojú bátìrì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jí.

Àwọn kan wí pé kí a gé epo dípò bátìrì nígbà tí olè bá ń sá lọ. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lójú eré, sítíárìn a wúwo, bíréèkì a sì le lẹ́yìn títẹ̀ mélòó kan. Olè nìkan kọ́ ni ó wà lójú ọ̀nà: ọlọ́jà ń bọ̀, ọmọ ilé-ìwé ń sọdá, ọmọ olówó ọkọ̀ pàápàá lè sùn lórí ìjókòó ẹ̀yìn láìjẹ́ pé olè mọ̀. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ tí a ṣe dáadáa fi ń dúró kí ọkọ̀ rọra tàbí kí ó dúró kí ó tó gé epo. Ẹni tí ó bá ra èyí tí kò mọ ìdúró ra ewu.

Alùpùpù ọ̀kadà sì yàtọ̀ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ọ̀pọ̀ ń gùn ní agbègbè náà. Púpọ̀ nínú àwọn tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí wọ́n tó jí ni wọ́n ń rí iná ìtanná wọn láti ara òòfà tí ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá gé bátìrì wọn, hóònù àti iná iwájú ni yóò kú. Olè yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì gùn ún lọ. Fún irú wọn, wáyà pípa ẹ́ńjìnnì ni à ń so mọ́ irin ara alùpùpù nípasẹ̀ ṣíṣí-àti-pípa tí a fi pamọ́, kí iná ìtanná má baà dé orí púlọ́ọ̀gì. Ọlọ́kadà tí kò tíì san owó alùpùpù rẹ̀ tán, tí ó sì náwó sórí gígé bátìrì, ti pàdánù owó náà kí olè tó dé.

Ẹni tí ó bá ń rò pé ọkọ̀ jíjí jẹ́ ọ̀ràn ọmọ ìta kan ṣoṣo kò rántí ọdún 2003, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè Benin pa ní oṣù August nítorí àwọn adigunjalè àti ọkọ̀ jíjí tí ń gba ibẹ̀ kọjá, títí a fi fa Hamani Tidjani, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ń ṣe olórí òwò náà, lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn sì bá Benin pààlà. Ọkọ̀ tí ó bá ti rìn ní òru kan lè wà ní ìlú tí a ti ń sọ Faransé kí ilẹ̀ tó mọ́, ìdí sì nìyí tí àìlèjí ẹ́ńjìnnì fi sàn ju wíwá ọkọ̀ kiri lọ. Ti adigunjalè tí ó na ìbọn sí awakọ̀ lójú ọ̀nà kò sí nínú èyí: ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ni kí a fi lé e lọ́wọ́.

Ààlè a máa fi ara hàn kí ó tó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ṣíṣí-àti-pípa yìí, ìpamọ́ ni agbára rẹ̀. Olè tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ó sì rí i yóò fi wáyà kan ṣoṣo fo ó kọjá. Ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà kò gbọdọ̀ ju méjì lọ, olówó ọkọ̀ àti rìwáyà tí ó fi í síbẹ̀. Rìwáyà náà sì ni kí a kọ́kọ́ yàn dáadáa.