Kí A Tó Yà Sọ́dọ̀ Alápatà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó oúnjẹ ṣe ń tán mọ́ ìdílé lọ́wọ́ ní Sábó, ní Yábàá, kó lọ dúró sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀wà, ìrẹsì àti gààrí, kó máa wo agolo. Kọ́ńgò ló tóbi jù. Kọ́ńgò ìrẹsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan ààbọ̀. Dẹ̀ríkà ló tẹ̀ lé e, agolo tòmátì tí orúkọ tó wà lára rẹ̀ ti di orúkọ òṣùwọ̀n. Agolo mílíìkì ló kéré jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ra oúnjẹ òòjọ́. Oníṣòwò á ki agolo bọ inú àpò, á gbé e sókè tòun ti òkìtì orí rẹ̀, á fi ọwọ́ kejì dáàbò bo òkìtì náà kó má yẹ̀, á dà á sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà á fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ lé e: ènì nìyẹn. Òkìtì àti ènì ni oníbàárà ń wò. Ìdí agolo ni kì í wò, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú (kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o), kì í sì í ṣírò pé ẹni tó ń ra agolo mílíìkì kan lójúmọ́ sábà máa ń san ju ẹni tó ra iye kan náà ní kọ́ńgò lẹ́ẹ̀kan náà lọ. Síbẹ̀, agolo kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. Owó ti fò lọ kó tó dé ìdí agolo, torí ọ̀dọ̀ alápatà ló kọ́kọ́ yà sí. Ẹran la kọ́kọ́ ń gbé lé orí ìṣirò ọbẹ̀, ohun tó bá kù la fi ń ra ìyókù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká yí i padà: kí owó ẹ̀wà kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, kí ẹran wá gba èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ọgbọ́n ìdáná ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀ sọ pé ₦1,346 ni àgbàlagbà kan máa ná lójúmọ́ kó tó lè jẹ oúnjẹ tó pé ní èròjà. Oúnjẹ tútù nìkan nìyẹn, kò sí owó gáàsì níbẹ̀, kò sí owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ọjà. Lọ́nà ọgbọ̀n ọjọ́, ó di ₦40,380 fún ẹnì kan. Tọkọtaya á ná ₦80,760. Lọ́dún náà, ₦85,000 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé kò sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gba ohun tó dín sí i lóṣù. Ẹni tó ń gba iye yìí, tí kò sì sí owó mìíràn tó ń wọlé, ₦4,240 ló kù sí i lọ́wọ́ kó tó kan ọmọ, owó ilé àti owó ọkọ̀. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí iye yìí tó máa di méjì. Ṣùgbọ́n inú ìṣirò NBS kan náà ni ohun mìíràn wà tí àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ló gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó náà, okun tí wọ́n sì ń fún ara kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti àwọn irúgbìn bíi tiwọn ló gba owó tó kéré jù. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, ibi tí owó ti ń jò ló yẹ kó kọ́kọ́ dí.

Kí ni ẹran ń bá wa ṣe nínú ìkòkò gan-an? Yàtọ̀ sí adùn, èròjà tó ń mú ara dàgbà, tó ń tún ibi tó gbó ṣe, ni à ń wá lára rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní purotéènì. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹran màlúù tútù, nǹkan bíi 20 gíráàmù ni purotéènì. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, ó tó bíi 23. Ti gààrí kò ju gíráàmù kan tàbí méjì lọ, èyí ló fà á tí ẹ̀bà ràgàjì pẹ̀lú ìka ẹran kan ṣe máa ń yó èèyàn láìṣe ara lóore tó bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, purotéènì ẹ̀wà ní ibi tó kù sí, àgbàdo àti ìrẹsì sì ní ibi tí tiwọn kù sí, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kan kù sí ni èkejì ti pọ̀. Àwọn ìyá wa kò rí yàrá àyẹ̀wò wọ̀ kí wọ́n tó so àkàrà pọ̀ mọ́ ògì, kí wọ́n tó so mọ́ínmọ́ín pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ, kí wọ́n tó da àgbàdo sínú ẹ̀wà kí wọ́n sì pè é ní àdàlù. Nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ̀wà kò ní rárá, fítámì B12 sì ni olórí wọn. Ara ohun abẹ̀mí ló wà. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ẹran màlúù. Ṣàwá tí a jẹ teegunteegun, edé tí a gún sínú ẹ̀fọ́, ẹyin, tàbí òkú Èkó díẹ̀ nínú ọbẹ̀ ata yóò ṣe é. Ayọ́ọ̀nù tó wà nínú ẹ̀wà náà kì í tètè wọ ara bíi ti ẹran, àyàfi kí nǹkan bí ọsàn tàbí ata tútù bá a rìn. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sì nílò epo pupa díẹ̀ kí fítámì A inú wọn tó lè ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan á ní, ẹ̀wà wo? Ṣé èyí tó gbówó lérí bíi wúrà lọ́jọ́ sí? Ó ní ìdí. NBS yìí kan náà ló ṣírò rẹ̀ pé kílò ẹ̀wà pupa, tó jẹ́ nǹkan bíi ₦733 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ti di nǹkan bíi ₦2,800 nígbà tó fi máa pé ọdún kan. Ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé gbàgbé adùn ẹ̀wà olóyin. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀wọ́n náà pàápàá, owó kílò ẹran tí kò léegun ṣì ju ti kílò ẹ̀wà lọ, kílò ẹ̀wà náà sì ní purotéènì tó pọ̀ ju ti ẹran lọ, ó tún ń wú tí a bá sè é, nígbà tí ẹran ń sún kì. Lọ́dún 2025 owó ẹ̀wà tún wálẹ̀. Ohun tó kọ́ wa ni pé owó ẹ̀wà ní ìgbà tó ń lọ sókè àti ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Apá Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá, ìkórè rẹ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀wà tuntun máa ń kún ọjà láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá. Ẹni tó ra tirẹ̀ nígbà yẹn tó sì tọ́jú rẹ̀ ti sá fún ọ̀wọ́n. Ìtọ́jú ni ìṣòro, torí kòkòrò kì í jẹ́ kó pẹ́. Oògùn kọ́ ni ká wọ́n sí i: ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de ìgò kékeré dichlorvos, oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń dà sórí oúnjẹ. Kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin ti tó. Ká sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ká kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu, ká fi ọ̀rá dí i, ká dé e mọ́lẹ̀, ká má sì máa ṣí i lójoojúmọ́. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá níbẹ̀ tán, á kú. Igun yàrá kan nínú ilé ojúkojú gba irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ méjì.

Gáàsì ńkọ́? Ìbéèrè yìí le ju ti owó ẹ̀wà lọ, torí ẹ̀wà tó wà lórí iná fún wákàtí méjì lè jẹ owó tó yẹ kó jẹ́ èrè rẹ̀. Ká rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ká da omi náà nù. Á dín àkókò tó máa lò lórí iná kù, á sì dín afẹ́fẹ́ tó ń dà sí àwọn èèyàn níkùn kù. Kán-ún máa ń mú kó tètè rọ̀, àmọ́ ó ń pa lára fítámì B inú rẹ̀, kò sì yẹ ká sọ ọ́ di bárakú. Ẹ̀wà ọjọ́ mẹ́ta ni ká sè lẹ́ẹ̀kan, bí firíìjì bá wà tí iná sì ń ṣe déédéé. Bí kò bá sí, kò sí ìtìjú nínú kéèyàn gbé abọ́ lọ sọ́dọ̀ alágànyìn. Àwọn obìnrin láti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ tó gbé ẹ̀wà agànyìn wọ Èkó ti yanjú ọ̀rọ̀ iná yìí tipẹ́: ìkòkò ràgàjì kan, iná kan, ọgọ́rùn-ún ẹnu. Iye iná tó kan abọ́ kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí ewé nínú rẹ̀, búrẹ́dì Àgége tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ kò sì lè dípò ẹ̀fọ́. Ká ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀, ká se ẹ̀fọ́ nílé.

Àtakò tó burú jù kì í ti ọ̀dọ̀ owó wá. Ojú ayé ni. Ẹ̀wà ti di oúnjẹ ilé ìwé àti oúnjẹ ẹni tí kò rí nǹkan mìíràn jẹ. Àlejò tó bá bá ọbẹ̀ tí kò lẹ́ran á ní wọn kò kà á sí. Mo rò pé ìrántí wa ló kúrú. Kí ni à ń sè bí a bá fẹ́ bọlá fún ìbejì, àwọn ọmọ tí Yorùbá kà sí ọlọ́rọ̀? Ẹ̀wà ni. Kí ni à ń dín bí arúgbó tó gbọ́ tó tọ́ bá lọ? Àkàrà ni. Àkàrà yìí náà ni àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Bàhíà ní Bùràsíìlì, wọ́n ń pè é ní acarajé níbẹ̀, òrìṣà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Bí a bá tún wo àwo oúnjẹ fúnra rẹ̀, ta ló ń jẹ ẹran tí a fi gbogbo owó rà? Bàbá ló ń mú èyí tó tóbi, ọmọ tó ń dàgbà ló ń mú èyí tó kéré. Àwọn kan ṣì ń sọ pé ọmọ tí a bá ń fún ní ẹyin tàbí ẹran púpọ̀ á di olè. Ní 1933, Dókítà Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń pa àwọn ọmọdé ní Gold Coast, Gánà òde òní. Nígbà tó di 1935, ó pè é ní orúkọ tí àwọn Gã ń pè é, kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò gba ọmú mọ́ lọ́wọ́. Àgbàdo lásán ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹran díẹ̀ tí a ń pín láti òkè kì í sábà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún méjì. Ẹ̀wà kò ní igun tí ẹnikẹ́ni ń jà sí. Ṣíbí kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Àwọn kan á sì bínú pé à ń kọ́ tálákà bí a ṣe ń jẹun nígbà tó jẹ́ ìjọba ló yẹ ká bá wí. Wọn kò jẹ̀bi. Àmọ́ ìjọba ti gbìyànjú láti fi àṣẹ mú owó oúnjẹ wálẹ̀ ní Èkó rí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1941, ìjọba amúnisìn gbé òté lé iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta gààrí àti oúnjẹ mìíràn. Captain A. P. Pullen ló wá di alábòójútó ètò náà, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pe àwọn ọjà tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un. Iye tí wọ́n fi òté lé kò tó ohun tí ọjà ń ná ẹni tó ń kó o bọ̀ láti oko. Oúnjẹ sá kúrò ní gbangba, ó di ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ lówó gọbọi. Alimotu Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà tó ń darí dìde sí i, wọn kò sì sinmi títí ètò náà fi kógbá sílé ní 1945. Ìjọba Èkó òde òní gba ọ̀nà mìíràn ní oṣù Kẹta ọdún 2024 pẹ̀lú ọjà Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n pè ní Ounjẹ Èkó, níbi tí wọ́n ti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò lórí owó ọjà. Ó sàn ju ti Pullen lọ, torí ìjọba ló san ìyàtọ̀ náà dípò kí wọ́n dì í ru oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ọjà ọ̀sẹ̀ kan kì í bọ́ ilé fún oṣù kan, ebi kò sì mọ ọjọ́ tí ìjọba ń ná ọjà.

Ohun tó kù ni bí ẹni tí kò ní owó àpò ẹ̀wà ṣe máa ra àpò. Èkó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ń bọ̀, àwọn èèyàn a máa dá àjọ màlúù: ẹni mẹ́wàá á kó owó jọ láti oṣù bíi mélòó kan, wọ́n á pa á, wọ́n á pín in. A lè fi ọgbọ́n yìí kan náà ra ẹ̀wà ní oṣù Kọkànlá. Àpò kílò àádọ́ta tí ìdílé márùn-ún nínú ilé kan pín, kílò mẹ́wàá ni ìkọ̀ọ̀kan. Ìdílé elẹ́ni márùn-ún tó ń se ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ lè fi jẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé. Ọjà Oyíngbò kò jìnnà sí Sábó, ti Mushin náà kò jìnnà, owó ọkọ̀ àpò kan á sì pín sọ́nà márùn-ún. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín màlúù, ìjà kì í sábà jìnnà: ta ló gba àyà, ta ni wọ́n fi ìfun kàn. Ẹ̀wà kò ní orí, kò ní ẹsẹ̀. Kọ́ńgò kan ni wọ́n á fi wọn gbogbo rẹ̀, ìdí rẹ̀ á wà lójú gbogbo wọn, ẹni tó ń wọ̀n ọ́n á sì mú tirẹ̀ gbẹ̀yìn.